Kẹ̀kẹ́ oníná tí mo rà wá sílùú tí kò níná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì bú mi o, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná. Èmi ni mo kó N210,000, owó àjọ tí èmi àtìyàwó mi jọ dá fún oṣù mẹ́wàá gbáko, tí mo gbé e lọ sí Èkó, tí mo fi ra kẹ̀kẹ́ wálé. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wí o, kì í sì í ṣe ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí táwọn bàbá wa máa ń gùn lọ sóko ọ̀pẹ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé bátìrì ló ń gbé tèmi rìn lọ. Igbódìgò, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, lẹ́bàá Òkìtìpupa, ni mo sì gbé e wá, níbi tó jẹ́ pé lọ́dún 2023 tí mò ń sọ yìí, àwọn ọmọ kékeré wà tí wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí gílóòbù ara ògiri máa tàn láìsí pé èèyàn fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Bí ìyàwó mi ṣe rí kẹ̀kẹ́ náà, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé nẹ́pà ló ṣèlérí fún yín pé òun ń bọ̀ ni, àbí kí lẹ rí?" Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní pólì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Akọ̀ròyìn tó bá wà lágbègbè wa kò lè jókòó sójú kan. Bí wọ́n bá ń ṣe nǹkan ní káńsù Òkìtìpupa láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè é lọ́sàn-án pé wàhálà ti ṣẹlẹ̀ lọ́nà Ìrèlè. Ọ̀kadà la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Kó tó di May 29, 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra, tó sì kéde lọ́jọ́ náà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tíì pé N200 nílé epo ìjọba. Kó tó di ìparí oṣù July ọdún náà, N617 ni. Owó ọkọ̀ mi fò sókè, owó oṣù mi jókòó síbi tó wà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí mo ti fẹ́ gbọ́ ìròyìn, tí màá débẹ̀ tí wọ́n á ti tú ká, tí mo máa wá bẹ àwọn akẹgbẹ́ mi kí wọ́n sọ fún mi ohun tí káńsẹ́lọ̀ sọ. Ojú ń tì mí, mi ò ní parọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ l'Ékòó ló pè mí pé kẹ̀kẹ́ oníná wà nínú àwọn ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo lọ wò ó, mo gùn ún lẹ́ẹ̀mejì yí ọgbà náà ká, ọ̀rọ̀ sì bù ṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan àná òde yìí ni kẹ̀kẹ́ oníná. Rárá o. December 31, 1895 ni wọ́n fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ogden Bolton, ará ìlú Canton ní Amẹ́ríkà, ní ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì iná wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀. Àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì tèmi wà. Bátìrì ni kò lágbára nígbà náà, ni nǹkan náà kò fi gbilẹ̀. Ọdún 1993 ni Yamaha ní Japan gbé èyí tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ jáde, èyí tó jẹ́ pé bó o bá ti ń wà á ni iná náà á máa bá ẹ tì í. Bí tèmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Bátìrì ẹ̀ jẹ́ 36 volt, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 250 watt, nítorí òfin wọn ní Bìrìtìkó ni pé kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ máa bá èèyàn tì í mọ́ bó bá ti sáré dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Àwọn ọlọ́kadà máa ń bú sẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti ń kọjá lára mi. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ pásítọ̀ ni.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé kì í dún. Ọ̀kadà, èèyàn á ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, á ti yà fún un. Tèmi kì í ṣe kín-ín. Lọ́jọ́ kejì tí mo gbé e dé, mo yọ sí màmá kan tó ru púpurú lọ sọ́jà láti ẹ̀yìn, mo ní kí n kí wọn, "Ẹ kú àárọ̀ o, mà." Ẹ̀yin ará, púpurú fọ́n sílẹ̀! Màmá fò sínú koríko, wọ́n ń pe Jésù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo bá wọn ṣà á, mo sì san owó èyí tó ti kan yẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ ra aago kẹ̀kẹ́, ẹni bá sì fẹ́ gun irú ẹ̀, kó ra aago kó tó ra nǹkan mìíràn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà o, èyí tó ń fi gáàsì ṣe iná tí wọ́n ń fi wáyà gbé lọ síbòmíràn. Ìyẹn ló máa ń bí wa nínú jù. Àwa tá a gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ là ń jẹ gààrí láìsí ẹran. Nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́, gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òkùnkùn, nítorí náà ọ̀dọ̀ bábà kan tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mò ń gbé bátìrì mi lọ, N1,000 la jọ dúnàádúrà sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó, mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò. Wákàtí márùn-ún ni bátìrì mi fi ń kún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà á mu tó ìdajì lítà ní wákàtí kan. Ká ní èmi nìkan ni wọ́n tàn án fún, lítà méjì àbọ̀ bẹntiróòlù ló máa lọ sí i, bátìrì tó kún náà á sì gbé mi rin bíi kìlómítà 35. Ọlọ́kadà tó bá rọ lítà méjì àbọ̀ kan náà sínú máṣíìnì ẹ̀, á rìn tó 100. Mo ju bírò nù. Bẹntiróòlù ni mo sá fún, bẹntiróòlù náà ni mo tún ń rà láti ọwọ́ bábà, kìkì pé mo wá ń fi omi ẹsẹ̀ mi kún un.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kejì wà níbẹ̀ tó jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Iná tó wà nínú bátìrì mi nígbà tó bá kún jẹ́ bíi 360 watt fún wákàtí kan. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó jẹ́ 1,000 watt á jẹ ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: iná tẹ́ ẹ máa fi lọ agbádá kan àti ṣòkòtò ẹ̀ ló ń gbé mi lọ sí Òkìtìpupa, tó tún ń gbé mi bọ̀, tí mo tún máa fi yà sáwọn ibòmíràn kí n tó wálé. Kẹ̀kẹ́ náà kò jẹun púpọ̀ rárá. Ibi tí oúnjẹ ẹ̀ ti ń wá ni kò dáa.

Bí mo ṣe lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn, tí mo ra páńẹ́ẹ̀lì sólà 200 watt kan, bátìrì ilé kan, àti inverter kékeré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ayé mi dùn. Oòrùn á ràn láti aago mẹ́sàn-án, kẹ̀kẹ́ mi á kún, fóònù gbogbo ilé á kún, ìyàwó mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣáàjì fóònù fáwọn aládùúgbò, ó ń gba N100 N100. Ó ní òun ń gba owó àjọ òun padà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ mọ̀ pé òjò wa kì í ṣe òjò eré. Bó bá ti di June sí July, ọ̀run á ṣú láti àárọ̀ dé alẹ́, páńẹ́ẹ̀lì á kàn máa wò bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta, ni mo fi ń dúró kí bátìrì tó kún.

Àkókò òjò ọdún 2024 yẹn ni nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bátìrì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bákan. Mo máa wà lórí òkè, á kàn kú pìì, kí n tó pa á kí n tún tàn án. Irú bátìrì yìí, kì í ṣe odidi kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀ o, àwọn kékeré roboto bíi ogójì ni, tí wọ́n so pọ̀, pátákó kékeré kan sì wà tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá ti rẹ̀ jù, tàbí tó kún jù, pátákó náà á gé iná. Ọlọ́dẹ ni. Èmi ò mọ̀yẹn nígbà náà. Mo gbé e lọ bá rewáyà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ dáadáa, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó tú u, ó wò ó, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, pátákó yìí ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n fò ó." Mo ní kó fò ó. Kẹ̀kẹ́ mi kò kú mọ́, ó ń lọ bí ọta ìbọn. Mo fún ọmọ náà ní owó ọtí. Mo yìn ín fáwọn èèyàn. A ti lé ọlọ́dẹ lọ, à ń jó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò pa ṣájà mi, ó bàjẹ́. Ọmọ yẹn kan náà ló bá mi wá òmíràn. Ẹnu ẹ̀ wọ bátìrì náà rẹ́gí. Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀, 42 volt ni wọ́n kọ sí i. Èyí, 54.6 ni. Mo rí i, mo kà á, mo sì rò nínú ara mi pé ìyẹn ni pé á tètè kún. Èmi tí mo lọ sí pólì! Ṣájà bátìrì 48 volt ni, bí ẹni ń fi garawa ńlá da omi sínú ife, ọlọ́dẹ tí ì bá pariwo kò sì sí nílé mọ́.

Ilé màmá mi là ń gbé. Mo kì í bọ ara inverter ní pálọ̀ lálẹ́, mo lọ sùn. Nǹkan bí aago méjì òru, màmá mi kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ń gbóòórùn nǹkan. Mo jáde, òórùn kan ló gba gbogbo pálọ̀, ó dùn, ó tún ń gúnni nímú, bíi oògùn táwọn obìnrin fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Bátìrì náà ti wú, ó ń dún ṣííí bí ejò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, sùn sórí ẹní, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe já wáyà. Ìyàwó mi ti gbé ọmọ náà síta. Mo mú ọkọ́, mo fi orí ẹ̀ kọ́ bátìrì náà lọ́rùn, mo wọ́ ọ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bí ẹni wọ́ òkú ajá. Kò tíì dé àárín àgbàlá tó fi bú gbàù. Mi ò rí irú iná yẹn rí. Kì í ṣe pé ó ń jó bí igi, ńṣe ló ń tu, ó ń yin àwọn kékeré inú ẹ̀ káàkiri bí bángà ọdún Kérésì. Àwọn aládùúgbò da omi sí i, ó tún ń gbiná. A bu yẹ̀pẹ̀ lé e, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tó wákàtí kan kó tó kú. Ìkejì kọ́tìnnì pálọ̀ ti rùn, ilẹ̀ sì ti dúdú títí kan ẹnu ọ̀nà. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Màmá mi kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo wá kí wọn láàárọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní, "Ọma mi, mo bẹ Ọlọ́run pé kó o sin mí. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó o fi iná sin mí."

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá ń ka nǹkan tó yẹ kí n ti kà tẹ́lẹ̀. Ní New York, lọ́dún 2023 nìkan, irú bátìrì báyìí dá iná 268 sílẹ̀, èèyàn 18 sì kú, ọ̀pọ̀ nínú iná náà jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri. Láti September ọdún náà ni òfin wọn ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta bátìrì kẹ̀kẹ́ tí wọn ò tíì yẹ̀ wò nílé iṣẹ́ àyẹ̀wò. Ìlú tó ní páńpù iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lò ń gbọ́ yẹn o. Àwa ńkọ́, tó jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ àti ọkọ́ ni páńpù wa?

Mo rí bí àwọn kan ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà gbà nígbà tí iṣẹ́ gbé mi dé Kùtọnu. Àwọn ọlọ́kadà wọn, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbáralé bẹntiróòlù tí wọ́n ń fàyàwọ́ láti ọ̀dọ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ lọ́dún 2023, kpayo náà fò lókè. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Spiro ti wà níbẹ̀ àti ní Tógò láti 2022 pẹ̀lú ọ̀kadà oníná. Ọlọ́kadà náà kì í ṣáàjì nǹkan kan nílé. Bí bátìrì bá ti fẹ́ kú, á yà síbi tí wọ́n kó àwọn tó ti kún jọ sí, á yọ èyí tó ti rẹ̀, á ki òmíràn bọ̀ ọ́, á san owó, ó lọ. Bátìrì kì í ṣe tiẹ̀. Bí ó wú, bí ó sun, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Mo dúró wò wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà, inú mi ń bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo rà gan-an pẹ̀lú owó àjọ. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Irin àti táyà ni kẹ̀kẹ́, fọganáísà kankan lè tún un ṣe. Bátìrì ni mo rà, ẹni tó bá sì ra bátìrì nílùú tí kò níná, òun fúnra ẹ̀ ni nẹ́pà, òun ni panápaná, òun náà ni rewáyà.

Mo tún ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún rà á. N260,000, ju iye tí mo ra odidi kẹ̀kẹ́ lọ. Lítà bẹntiróòlù ti kọjá N1,000 nígbà náà, ní October 2024, ìṣirò náà ò sì lọ́jú pọ̀ mọ́.

Àmọ́ nǹkan ti yí padà nílé wa. Bátìrì kì í wọ pálọ̀ mọ́ láéláé. Ilé ìdáná àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, níbẹ̀ ló ń gbé. Ojú ọ̀sán nìkan ni mò ń ṣáàjì ẹ̀, nígbà tí ojú ẹnì kan bá wà nílẹ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, tó ṣì gbóná, mo máa jẹ́ kó tutù ná. Ṣájà 42 nìkan ló ń kàn án, mo sì ti fi pẹ́ńtì pupa kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sí i lára. Mi ò jẹ́ kó kú tán pátá, bí mi ò bá sì ní gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní í fi í sílẹ̀ ní kíkún, ìdajì ni mo máa ń fi í sí, nítorí ìyẹn ló máa ń mú kó pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u. Bó bá bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ náà ní tiẹ̀. Ó wúwo tó kílò 23, nítorí náà búréèkì ń tètè jẹ, oṣù méjì méjì ni mò ń pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì wà yẹn máa ń ṣẹ́ sípóòkù. Fọganáísà wa kọ́kọ́ ń bẹ̀rù láti tú u torí wáyà tó wọ inú ẹ̀, ni mo bá ra sípánà tèmi, èmi ni mò ń tú u, òun á lẹ táyà, èmi á dè é padà, ó sì ń gba owó ẹ̀ pé pérépéré. Ṣéènì, ẹ fi òróró sí i lẹ́yìn òjò. Yẹ̀pẹ̀ pupa ilẹ̀ wa kì í ṣàánú ṣéènì.

Ẹni tó bá bi mí pé kóun ra tòun, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í padà: níbo lo máa gbé bátìrì ẹ̀ sùn? Bó bá ní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń ní kó lọ máa wọ ọ̀kadà.

Màmá mi kì í fọ̀rọ̀ náà ṣeré títí dòní. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́, wọ́n á pè mí láti yàrá wọn, "Nǹkan ẹ dà?" Mo máa ní, "Ó wà lẹ́yìnkùlé, mà." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa pa fìtílà. Sátidé tó kọjá, ìyàwó mi ló gùn ún lọ sọ́jà Òkìtìpupa. Ó dé, ó gbé ẹrù sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti yọ bátìrì, ó ti gbé e lọ sílé ìdáná àtijọ́. Owó àjọ rẹ̀ ṣì ku N85,000 lọ́rùn mi. Ó kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, ó sì lẹ kàlẹ́ńdà náà mọ́ ògiri ibi tí mo ń fi ṣájà kọ́.